Ojú Méjì, Ẹlẹ́rìí Méjì

Agbowó, Ìbàdàn
18 Oṣù Kẹta, 1996

Ikrimah, Àlàó, ọmọ mi,

Àsàlámù àléékúmù. Ṣé òtútù ìlú Leeds ò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Ọlọ́run ò ní jẹ́.

Kó o tó ka lẹ́tà yìí, wo ọwọ́ tó kọ ọ́ ná. Kì í ṣe ọwọ́ Ọlábọ̀dé, akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá ìsàlẹ̀, tó ti ń bá mi kọ lẹ́tà láti ọdún mẹ́rin. Ọwọ́ mi ni. Ó wọ́, ó ń gun orí ìlà bí ewúrẹ́ tó ń gun ògiri, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni. Èmi tí wọn ò rán níléèwé, tó jẹ́ pé ara mọ́tò àti ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di ẹ̀pà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà fúnra mi, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún. Ọjọ́ kẹrin oṣù yìí ni. Dókítà ní kataráàtì ni wọ́n ń pe ohun tó bo ẹyinjú mi, bí ìgbà tí ooru bá bo gíláàsì. Ó yọ ọ́, ó fi gíláàsì tíńtín kan há ibẹ̀, ó fi òwú rán an. Òwú, Ikrimah. Èmi tí mo ti ń fi iṣẹ́ télọ̀ jẹun láti ọgbọ̀n ọdún, wọ́n wá gbé abẹ́rẹ́ àti òwú rán èmi náà. Mo bi í pé àwọ̀ wo ni òwú ọ̀hún. Ó ní dúdú. Mo ní ó ṣeun, ó bá ẹyinjú mi mu.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì lọ́jọ́ kejì, èékánná nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ rí, pupa fòò. Mo wá wo dókítà. Ẹni tí mo ti ń fi gbogbo ara kí ní bàbá, ọmọdé ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù délẹ̀. Ká ní mo ti rí i kó tó fọwọ́ kàn mí ni, ǹ bá ti sá kúrò lórí tábìlì.

Ìgbà tí mo délé ni ìjà wá bẹ̀rẹ̀. Mo bi àwọn ayálégbé pé ta ló kun ògiri mi láìgbàṣẹ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kùn ún, bó ṣe wà láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Mo wo ẹsẹ̀ ara mi, mo rí bàtà dúdú kan àti bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ kan. Mo ti wọ̀ wọ́n lọ síbi ìsọmọlórúkọ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kí n di ẹlẹ́yà ni. Ọlábọ̀dé ló lanu dáhùn, ó ní, "Màmá, ẹ̀rù ẹnu yín ló ń bà wá." O gbọ́ ọ.

Ìwọ náà, mo gbé fọ́tò rẹ wò. Wọ́n ní o ti sanra. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún mi. Ọrùn rẹ ti dà bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Jẹun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò gbọdọ̀ fi tẹrí ba. Mi ò gbọdọ̀ gbá ilẹ̀, mi ò gbọdọ̀ rán aṣọ, orí àga ni mo ti ń kírun. Ṣùgbọ́n Ikrimah, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí, mo wo ojú ọ̀run títí tí tíì mi fi tutù. Mo ti gbàgbé pé bó ṣe rí nìyẹn.

Fi gíláàsì dúdú tó dára ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n fún mi ń mú mi jọ ọlọ́pàá.

Èmi ìyá rẹ tó ń rí ọ,
Nàfísátù


Leeds
4 Oṣù Kẹrin, 1996

Màmá mi àtàtà,

Mo kí yín o. Ẹ kú ewu. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń ka lẹ́tà yín, mo kà á títí mo fi kọjá ibi tí mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀, mo sì pẹ́ débi iṣẹ́. Ọ̀gá ní kí ló dé, mo ní ìyá mi ti ríran. Kò bínú mọ́. Gíláàsì dúdú ti wà lọ́nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sún mọ́ máṣíìnì. Mo mọ̀ yín.

Màmá, ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ. Ẹ fi ojú àánú kà á. Ẹ rántí ohun tí ẹ kọ sí mi ní 1993. Alhaja Zùwáírátù ti Olúyọ̀lé gbé gínì wá fún yín láti rán, ó ní búlúù ni. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ṣí àpótí, ẹ ní gínì dúdú lẹ bá níbẹ̀. Ẹ ní Túnráyọ̀ ọmọ iṣẹ́ yín ti ta ti Alhaja, ó ti fi dúdú yẹpẹrẹ kan rọ́pò rẹ̀. Ọmọ náà ń sunkún pé búlúù ni. Ẹ lé e síta, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kó gba fírídọ̀ọ̀mù lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tó ti ń sìn yín. Ẹ sì ti aṣọ náà mọ́ àpótí bí ẹ̀rí.

Ọdún yẹn náà lẹ rán bùbá sí mi. Aṣọ rẹ̀ búlúù, òwú tí ẹ fi rán an aláwọ̀ ewé. Mo ṣì ń wọ̀ ọ́, mo máa ń wọ súwẹ́tà lé e.

Ojú yín ti là báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àpótí yẹn wò.

Ọmọ yín,
Ikrimah


Agbowó
22 Oṣù Kẹrin, 1996

Ìwọ Ikrimah,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ojú ara mi ni mo fi kà á, ìdí tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ká ní Ọlábọ̀dé ló ń kà á fún mi, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni, ì bá ti fo ibẹ̀ kọjá.

Ṣé torí pé o dá sí owó iṣẹ́ abẹ ni ojú yìí ṣe di tìrẹ, tí o wá fẹ́ fi í dá mi lẹ́jọ́? O wà ní Leeds, o ń bá wọn fọ aṣọ ọsibítù, o wá mọ ohun tó wà nínú àpótí mi ju èmi lọ. Àbí nǹkan wà láàárín ìwọ àti Túnráyọ̀ tí mi ò mọ̀?

Jẹ́ kí n kọ́ ọ níṣẹ́ tó tọ́ ọ dàgbà. Tí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, mo máa ń gé bíńtín létí rẹ̀, mo máa ń fi píìnì kàn án mọ́ ojú ìwé tí mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí, kí ọ̀rọ̀ má baà dìjà lọ́la. Lọ́jọ́ yẹn, mo ṣí ìwé. Èyí tó wà níbẹ̀ náà, dúdú ni. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé olè ọmọ náà jinlẹ̀, ó ti pààrọ̀ tinú àpótí, ó tún ti pààrọ̀ tinú ìwé. Mo ra gínì búlúù míì fún Alhaja. Nígbà tó rí i, kí ló sọ? Ó ní búlúù tòun ki ju èyí lọ. Tí kì í bá ṣe pé wọ́n ti jí tirẹ̀, kí ló máa mú un sọ bẹ́ẹ̀?

Mi ò ṣí àpótí kankan. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù.

Nàfísátù, ìyá rẹ tí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ


Leeds
9 Oṣù Karùn-ún, 1996

Màmá mi,

Ẹ má bínú. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibí. Kò sí nǹkan kan láàárín èmi àti Túnráyọ̀. Ìgbà tí mo fi wà nílé, òun ló máa ń bu oúnjẹ fún mi, ìyẹn náà, ó máa ń fi ẹran dù mí.

Nípa ti kọ́kọ́rọ́: inú tòbí yín ló ń gbé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ibẹ̀ ló wà.

Ikrimah


Leeds
5 Oṣù Kẹfà, 1996

Màmá mi,

Mi ò gbúròó yín. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ ti kọ̀wé kẹ́yìn. Lánàá, mo pe fóònù ilé ìtajà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ẹni tó gbé e ní òun ò rí yín láti ìjẹta, pé àwọn kan ní ẹ wà ní ọsibítù ojú. Owó tán, fóònù já.

Tó bá jẹ́ pé ojú yẹn ló tún bà jẹ́, tó bá jẹ́ pé ẹkún tí ọ̀rọ̀ mi mú yín sun ló bà á jẹ́, ẹ jẹ́ kí Ọlábọ̀dé kọ ọ́ sí mi. Mi ò ní sọ̀rọ̀ àpótí mọ́ láyé. Kí aṣọ náà dúdú, kó pupa, kò kàn mí. Ojú yín ni mo fẹ́.

Ọmọ yín tí kò rí oorun sùn,
Ikrimah


Agbowó
12 Oṣù Kẹfà, 1996

Àlàó, ọmọ mi,

Fọkàn balẹ̀. Mi ò fọ́jú. Ojú òsì ni mo lọ ṣe, mi ò sì kọ̀wé torí mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu èmi Nàfísátù. Lọ kọ ọ́ sílẹ̀, torí irú rẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejì tí mo fi lẹ́tà gbígbóná yẹn ránṣẹ́ sí ọ, ara mi ò gbà á. Mo tú kọ́kọ́rọ́ nínú tòbí, mo ṣí àpótí, mo gbé gínì náà bọ́ sínú oòrùn. Búlúù ni. Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún. Búlúù tó ki, bí ojú ọ̀run ṣe máa ń rí lẹ́yìn tí wọ́n bá kírun Màgáríbì tán. Mo ṣí ìwé ìwọ̀n, mo yọ gígé tí mo kàn mọ́ ojú ìwé Alhaja. Òun náà, búlúù. Mo gbé e lé ibi tí mo ti gé e lára aṣọ, ó wọ ibẹ̀ bí ìdérí ṣe ń wọ ìkòkò. Ká ní mo tilẹ̀ fọwọ́ wò ó báyẹn lọ́jọ́sí, ìka mi ì bá ti sọ fún mi. Ẹnu ti ṣáájú ọwọ́.

Mi ò gbà síbẹ̀. Mo di ojú òsì, aṣọ di búlúù. Mo di ọ̀tún, ó padà di dúdú. Mo jókòó sínú oòrùn, mò ń di ìkan, mò ń la ìkan, bí ẹni tó ń ṣẹ́jú sí aṣọ. Ayálégbé kan kọjá, ó ní, "Màmá, ṣé kò sí o?" Mo ní kó máa lọ. Mo sọ fún ara mi pé ẹlẹ́rìí kan kì í tó. Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n ń gbà nínú ẹ̀sìn wa. Mo tọ dókítà ọmọdé mi lọ, mo ní kó ṣe èkejì. Ó ní kí n ní sùúrù di ìparí ọdún. Mo ní ẹ̀mí ẹnìkan wà lọ́wọ́ mi. Ó rò pé orí mi ti ń dàrú, ó fún mi ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, mi ò wo èékánná nọ́ọ̀sì, mi ò wo ẹnikẹ́ni. Aṣọ náà ti wà nínú báàgì mi. Mo tú u. Ojú méjèèjì fẹnu kò. Búlúù.

Oògùn tí wọ́n ń kán sí i ló tán tí mo fi padà lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí o pè, má da ara rẹ láàmú.

Sátidé tó kọjá, mo wọ mọ́tò lọ sí Challenge. Wọ́n ti júwe ibẹ̀ fún mi. Túnráyọ̀, tó lè gé kóòtù láìfi ẹfun kọ nǹkan kan sára aṣọ, abẹ́ agboòrùn ló jókòó sí létí gáréèjì, ó ń lẹ ìdí ṣòkòtò fún àwọn dírẹ́bà. Kò sí fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ télọ̀ ò jẹ́ kó gbé pátákó jáde. Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo wo ọwọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ ọ náà ló ṣì ń ṣe, ó ń fi eyín já òwú.

Ìyá rẹ̀, Màmá Oyèbọ́lá, ló kọ́kọ́ rí mi. Ó jù mí lọ dáadáa. Mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá tẹrí ba, òwú ojú lè já. Mo wá kúnlẹ̀, mo gbé àgbọ̀n sókè, tòun ti gíláàsì dúdú tí o fi ránṣẹ́.

Màmá Oyèbọ́lá wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ikrimah, ẹ gbórí sókè bíi ràkúnmí, ṣé ẹ̀bẹ̀ lẹ wá bẹ̀ ni, àbí ẹ wá wo ìràwọ̀?"

Mo ní dókítà ló ní kí n má tẹrí ba.

Ó ní, "Lọ́jọ́sí, ọmọ mi ló jẹ̀bi. Lónìí, dókítà ni. Ìgbà wo ló máa kan ẹ̀yin fúnra yín?"

Àwọn dírẹ́bà ti pé lé wa lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo lè fi ẹnu lé gbogbo gáréèjì wọlé, ọwọ́ ni mo lò. Mo na aṣọ àti ìwé sí Túnráyọ̀. Ó gbé gígé yẹn lé ibi tó ti kúrò, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò. Ó ní:

"Màmá, mo sọ fún yín."

Ó wá kì mí lápá mú, ó gbé mi dìde, ó ní kí n rọra kí òwú má já. Ikrimah, ọwọ́ tí mo pè ní ọwọ́ olè ni.

Màmá Oyèbọ́lá ò gba ẹ̀bẹ̀ gáréèjì. Ó ní gbangba Agbowó ni mo ti pariwo olè lé ọmọ òun lórí, ojú àwọn tó gbọ́ ọ nígbà náà ni kí n ti wá gbé ọ̀rọ̀ mi jẹ. Tí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, abẹ́ agboòrùn lọmọ òun máa kú sí, ọrùn mi ló sì máa wà.

Àwọn ayálégbé mi, Ikrimah. Àwọn oníbàárà mi. Ẹgbẹ́ télọ̀ tí mo ti ń bá wí láti ọdún gbọọrọ. Kí ni kí n ṣe? Má dá mi lóhùn pé o sọ fún mi. Ẹnìkan ti sọ ọ́.

Nàfísátù


Leeds
27 Oṣù Kẹfà, 1996

Màmá mi,

Mi ò ní sọ ọ́. Mo jó yí yàrá ká nígbà tí mo rí ọwọ́ yín lára àpòòwé, ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ fi igi kan àjà.

Ẹ ṣe é. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ pé bí ojú ìránṣọ bá wọ́, a kì í fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, títú là ń tú u.

Èmi náà ní ẹ̀bẹ̀ tèmi. Ọjọ́ tí mo rí òwú aláwọ̀ ewé lára bùbá yẹn ni mo ti mọ̀ pé ojú yín ti ń lọ. Ká ní mo sọ ọ́ ni, ẹ̀ bá ti rí dókítà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Túnráyọ̀ ì bá sì ti ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dákẹ́. Bí ẹnu yín ṣe ń ba àwọn ayálégbé lẹ́rù ló ṣe ba èmi náà, mo sì wà lókè òkun. Mo ti fi bùbá náà rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Túnráyọ̀ kó tú u, kó tún un rán.

Ikrimah


Agbowó
22 Oṣù Keje, 1996

Ikrimah Àlàó, ọmọ Nàfísátù, arídákẹ́,

O jẹ̀bi. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí inú mi tó dùn jù. Ọdún mẹ́ta lo fi ń wọ ẹ̀rí ọ̀rọ̀ sábẹ́ súwẹ́tà. Wàá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Túnráyọ̀ fúnra rẹ, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni kó o kọ sí i, mi ò ní bá ọ jẹ́ ẹ.

Ó ti parí. Sátidé ìjẹta la ṣe fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ níwájú ilé wa. Mo ní kí àwọn ayálégbé gbé àga jáde, mo ní ẹni tó bá gbọ́ mi lọ́jọ́sí kó wá gbọ́ mi lónìí. Wọ́n wá o. Àwọn tí mi ò bá jà rí náà wá.

Mo gbé gínì sókè lọ́wọ́ kan, mo gbé ìwé ìwọ̀n sókè lọ́wọ́ kejì. Mo ní, "Túnráyọ̀ ò jalè. Aṣọ yìí ò kúrò nínú àpótí mi rí. Èmi ni ojú mi fọ́, tí mo fi ẹnu ríran." Alhaja Zùwáírátù dìde láti ẹ̀yìn, ó já aṣọ gbà, ó ní tòun rè é, búlúù tòun rè é, àti pé láti ọdún mẹ́ta lòun ti ń wọ omi aró tí mo rán fún òun, tí òun ń fara dà á. Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín yẹn ló gbà mí.

Dókítà ti tú mi sílẹ̀. Mo wá lọ síwájú Màmá Oyèbọ́lá, mo kúnlẹ̀, mo tẹrí ba títí iwájú orí mi fi kan ilẹ̀. Mi ò tíì fi orí kan ilẹ̀ fún èèyàn rí, Ọlọ́run nìkan ni mo ń ṣe é fún, kó dárí jì mí. Màmá náà ní, "Ó tó. Ràkúnmí ti mu omi." Ó fà mí dìde.

Ó wá ku sátífíkéètì. Túnráyọ̀ ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: kí wọ́n kọ 1993 síbẹ̀, kì í ṣe 1996, torí ọjọ́ orí sátífíkéètì ni ẹgbẹ́ fi ń mọ àgbà. Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀, alága ẹgbẹ́, ní kò ṣeé ṣe, wọn kì í kọ ọdún tó ti kọjá. Ikrimah, ẹnu mi padà dé. Mo bi í pé ta ló fi í jẹ alága télọ̀, nígbà tí ṣòkòtò tó wọ̀ wá síbẹ̀ ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì, tí mo sì ń rí i kedere báyìí. Gbogbo èèyàn wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé bírò fún mi. Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́: 1993. Túnráyọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ ò yí padà." Mo gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, mo ṣàdúrà fún un, wọ́n da páúdà lé e lórí, wọ́n da lé èmi náà lórí, àwa méjèèjì funfun bí iyẹ̀fun.

Ó ti gba ṣọ́ọ̀bù ní Challenge, níwájú agboòrùn yẹn gan-an. Ó ti kun pátákó rẹ̀. Búlúù ni. Kò ní kí n yan àwọ̀.

Bùbá rẹ ti dé. Nígbà tí mo rí i, mo pariwo. Kì í ṣe òwú nìkan, Ikrimah, bọ́tìnnì mẹ́rin, àwọ̀ mẹ́rin. O sì ń wọ̀ ọ́ níta ìlú òyìnbó. Túnráyọ̀ ti tú u, ó ti tún un rán, èmi ni mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló wọlé. Mo yọ ọ́, mo tún ki í, torí pé ó dùn mọ́ mi.

Ṣùgbọ́n mo ní kó má tú ọwọ́ òsì. Kó fi òwú aláwọ̀ ewé yẹn sílẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnu mi bá tún ṣáájú ojú mi, má dákẹ́ o. Wọ bùbá yìí láìfi súwẹ́tà lé e, na ọwọ́ òsì sókè, kó o ya fọ́tò, kó o fi ránṣẹ́.

Màá rí i.

Ìyá rẹ,
Nàfísátù